Bí Ẹ Ṣe Lè Ya Afárá Ẹlẹ́sẹ̀ Tó Jẹ́ Ère fún Ìlú Etí Òkun, Kódà Tó Bá Jẹ́ Ògbómọ̀ṣọ́ Lẹ Ti Ń Yà Á

Àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ ákítẹ́ẹ̀tì ní Under-G níbí, àtàwọn wẹ́dà kan tó mọ̀ pé ọwọ́ àwọn ju géètì àti búrógíláárì lọ, ìbéèrè kan náà ni wọ́n máa ń bi mi: báwo lèèyàn ṣe ń gbé afárá ẹlẹ́sẹ̀ tó rẹwà bí ère kalẹ̀ létí òkun, nígbà tó jẹ́ pé ọ̀pọ̀ nínú wa ní Ògbómọ̀ṣọ́ yìí ti dàgbà ká tó fojú kan òkun? Ìdáhùn mi kì í yí padà. Ẹwà afárá gbọ́dọ̀ máa ṣiṣẹ́. Ibi yòówù lára ère yẹn tí kò bá ru ẹrù, tí kò ṣíji bo èèyàn, tí kò ṣeé fọwọ́ dì mú, tí kò sì gba atẹ́gùn dúró, ẹ yọ ọ́, torí iyọ̀ òkun á jẹ ẹ́, ìjọba ò sì ní fowó tún un ṣe láéláé.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù láti fi ṣàlàyé ni Pero's Bridge tó wà ní Bristol nílùú Ọba, 1999 ni wọ́n ṣí i. Obìnrin kan tó máa ń gbẹ́ ère, Eilis O'Connell, ló yà á pẹ̀lú àwọn ẹnjiníà Arup. Ìwo ńlá méjì ló wà lórí ẹ̀, ẹni tó bá kọ́kọ́ rí i á rò pé wọ́n kàn fi ṣe ọ̀ṣọ́ ni, àmọ́ ìwo yẹn gan-an ló jẹ́ ẹrù tó ń bá àárín afárá ṣe déédéé nígbà tí wọ́n bá ń gbé e sókè kí ọkọ̀ ojú omi lè kọjá. Orúkọ ẹrú kan tí wọ́n mú wá láti erékùṣù Nevis ni wọ́n fi sọ afárá náà. Nítorí náà, ọ̀ṣọ́ yẹn ń ṣiṣẹ́, orúkọ yẹn náà ń ṣiṣẹ́. Ibi tí mo fẹ́ kí ojú yín máa wò nìyẹn bẹ́ ẹ ṣe ń ka èyí.

Ìlú bí Àgbádárìgì ni màá fi ṣàpẹẹrẹ. Ẹni tó bá ti débẹ̀ mọ̀ pé ọ̀sà ló wà láàrin ìgboro àti òkun, ọkọ̀ ojú omi lèèyàn sì máa ń wọ̀ lọ sí erékùṣù Gberefu, ọ̀nà tí wọ́n kó àwọn ẹrú gbà lọ sínú ọkọ̀ òyìnbó. Ẹ má wulẹ̀ fi ọ̀sà ńlá yẹn bẹ̀rẹ̀ o. Ẹ mú odò kékeré kan tàbí kànáàlì tó fẹ̀ tó mítà 40, ìyẹn ti tó iṣẹ́.

Ẹ kọ́kọ́ lọ jókòó síbẹ̀

Ẹ má tíì gbé pẹ́ńsù. Ẹ lọ ní òwúrọ̀ ọjọ́ ọjà, ẹ tún lọ ní ìrọ̀lẹ́, ẹ jókòó, kẹ́ ẹ máa wo àwọn tó ń kọjá. Ta ló ru ẹrù? Báwo lẹrù orí wọn ṣe ga tó? Èyí ṣe pàtàkì gan-an torí àwọn ìwé òyìnbó tá a fi kọ́ṣẹ́, èèyàn tí kò ru nǹkan kan ni wọ́n máa ń yà sórí afárá. Ìyá tó ru agbada ẹja lé orí, pẹ̀lú osùka lábẹ́ ẹ̀, ó lè ga ju mítà méjì lọ dáadáa, tí ère yín bá wá tẹ̀ wálẹ̀ lókè orí ẹ̀, ó máa ní láti bẹ̀rẹ̀, ẹja á sì dà nù. Ohunkóhun tó bá wà lókè ojú ọ̀nà, mítà mẹ́ta sókè ni kẹ́ ẹ fi í sí. Ẹ wo fífẹ̀ náà: ẹni méjì tó ru ẹrù gbọ́dọ̀ lè kọjá lára ara wọn láìfara kanra, àga onítáyà náà gbọ́dọ̀ ráyè, fún ìdí èyí mítà mẹ́ta ni mo máa ń mú.

Lẹ́yìn náà ẹ wá àwọn apẹja lọ. Òkun tiwa létí Èkó ò fi bẹ́ẹ̀ ga sókè sódò bíi tòyìnbó, bíi mítà kan ni ìyàtọ̀ tó máa ń wà láàrin ìgbà tí omi kún àti ìgbà tó fà, ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́. Àmọ́ ìyẹn ò sọ ibi tí omi lè dé lọ́jọ́ tí ìjì àti òjò bá pàdé ara wọn. Ẹ bi àwọn àgbà ibẹ̀: "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ibo lomi ga dé jù lójú yín?" Wọ́n á fọwọ́ hàn yín lára ògiri kan tàbí lára igi àgbọn. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì síbẹ̀, kí sọfíyọ̀, ìyẹn awọnlẹ̀, wọ̀n ọ́n, ibẹ̀ lẹ ti máa bẹ̀rẹ̀ sí í ka gíga afárá yín. Ẹ bi wọ́n náà pé ọkọ̀ wo ló ga jù nínú èyí tó ń gbabẹ̀ kọjá, pẹ̀lú ẹni tó dúró nínú ẹ̀.

Ẹ tún fetí sí ìtàn wọn. Mo mọ̀ pé ara máa ń yá ọmọ Ọ̀yọ́ láti gbé gángan àti igbá fínfín lọ síbi gbogbo, àmọ́ àwọn Ògù ló pọ̀ ní Àgbádárìgì, wọ́n ní Zángbétò, eégún wọn tó ń ṣọ́ ìlú lóru, wọ́n ní ohun tí wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ lo àwòrán ohun mímọ́ kan, àfi kẹ́ ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn àgbà tó ni ín. Èmi ò tiẹ̀ ní bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Àwọ̀n tí wọ́n sá sóòrùn ni mo máa kọ́kọ́ wò, bó ṣe fà láàrin òpó méjì, torí ìrísí yẹn mọ bí wọ́n ṣe ń ru ẹrù.

Gíga àti gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ afárá ti máa ń bàjẹ́. Gbogbo wa la mọ bí àwọn èèyàn ṣe máa ń sáré kọjá lójú títì l'Ékòó nígbà tí afárá ẹlẹ́sẹ̀ wà lókè orí wọn. Ọ̀lẹ kọ́ ni wọ́n, àtẹ̀gùn yẹn ló ga jù fún ẹni tó ti fẹsẹ̀ rìn látàárọ̀.

Ẹ ṣe ìṣirò ẹ̀ báyìí: tí ojú afárá bá fi mítà mẹ́ta ga ju ilẹ̀ lọ, tẹ́ ẹ sì fẹ́ kó máa gùn díẹ̀díẹ̀, ìyẹn mítà kan sókè nínú mítà 20, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yín máa gùn tó mítà 60 ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Èyí tó le jù tí àga onítáyà ṣì lè gùn ni mítà kan nínú mítà 12, ìyẹn á jẹ́ mítà 36, tẹ́ ẹ tún máa fi ibi ìsinmi pẹrẹsẹ sí i ní gbogbo ìgbà tó bá ti gùn sókè tó bíi sẹ̀ǹtímítà 75. Ẹ rí i pé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ti gùn ju afárá fúnra ẹ̀ lọ! Torí náà ẹ má fi ṣe nǹkan tẹ́ ẹ kàn lẹ̀ mọ́ ọn nígbẹ̀yìn. Ibẹ̀ gan-an ni kí ère yín ti bẹ̀rẹ̀, kó yí po, kó gba abẹ́ igi kọjá, kí ibi ìsinmi yẹn ní ìjókòó àti ibòòji tí ìyá ẹlẹ́ja ti lè sọ ẹrù kalẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí ṣéènì bá yín ya ìrísí ẹ̀

Ẹ wá ṣéènì tẹ́ẹ́rẹ́ kan, ti ọrùn tàbí ti ajá, ẹ fi ìṣó méjì gbé e kọ́ sára ògiri kó fà sílẹ̀ fúnra ẹ̀. Ẹ yà á ní fótò. Ẹ wá dojú fótò yẹn dé. Ohun tẹ́ ẹ rí yẹn ni ìrísí tí afárá aláàrò, ìyẹn èyí tó tẹ̀ kọdọrọ sókè, fi lè ru ara ẹ̀ láìsí pé ó fẹ́ ṣẹ́ níbì kankan. Robert Hooke ti sọ èyí láti 1675, Antoni Gaudí ní Sípéènì náà sì máa ń so okùn àti àpò kéékèèké rọ̀ kó tó kọ́lé. Ẹ so bóòtù kéékèèké mọ́ ara ṣéènì níbi tí ẹrù ti máa wà, ẹ máa wo bó ṣe ń yí padà, ẹ máa sún ìṣó náà kiri. Àárọ̀ kan ṣoṣo tẹ́ ẹ bá fi ṣe èyí, ẹ máa rí ìrísí tó pọ̀ tó máa dára ju ohun tẹ́ ẹ fẹ́ fi orí ro lọ, gbogbo wọn ló sì máa lè ru ẹrù tẹ́ ẹ so mọ́ ṣéènì yẹn.

Ní ti ẹrù, ohun tí àwọn ẹnjiníà máa ń kà ni bíi kílò 500 lórí mítà kan níbùú lóròó, ìyẹn bíi èèyàn méje tó fún pọ̀. Ẹ má sọ pé ìyẹn ti pọ̀ jù, ẹ rántí ọjọ́ ọdún nígbà tí gbogbo ìlú bá dúró sórí ẹ̀ láti wo ọkọ̀ tó ń kọjá. Fún mítà 40 tó fẹ̀ ní mítà mẹ́ta, èèyàn nìkan jẹ́ tọ́ọ̀nù 60. Tí afárá fúnra ẹ̀ bá tún wúwo tó bẹ́ẹ̀, ẹsẹ̀ aláàrò tó ga ní mítà márùn-ún á máa ti ilẹ̀ síta pẹ̀lú agbára tó tó tọ́ọ̀nù 120. Tẹ́ ẹ bá gbé e ga dé mítà mẹ́jọ, ó á dín kù sí bíi 75. Àpáta tó wà lábẹ́ ilẹ̀ wa níbí lè gba ìyẹn, àmọ́ yanrìn àti ẹrẹ̀ etí ọ̀sà ò lè gbà á, díẹ̀díẹ̀ lẹsẹ̀ á máa sún. Ohun tí mo máa ṣe ni kí n jẹ́ kí ojú ọ̀nà fúnra ẹ̀ so ẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀, bí ọsán ṣe ń di ọrun mú. Ilẹ̀ á wá máa ru ìwúwo nìkan, kò ní máa gba títì. Ẹ sì ti rí ọsán tó ń ṣiṣẹ́ tó sì rẹwà.

Mìmì

Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹfà ọdún 2000, wọ́n ṣí Millennium Bridge ní Lọ́ńdọ̀nù, èyí tí ákítẹ́ẹ̀tì Norman Foster àti Anthony Caro tó máa ń gbẹ́ ère yà pẹ̀lú Arup. Èrò ya bò ó, afárá bẹ̀rẹ̀ sí í mì sọ́tùn-ún sósì, àwọn èèyàn ní láti dira mú, bí wọ́n sì ṣe ń ya ẹsẹ̀ kí wọ́n má bàa ṣubú, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wọn bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ẹsẹ̀ pọ̀ láìmọ̀, ìyẹn tún wá ń dá kún mìmì. Ọjọ́ 12 oṣù yẹn kan náà ni wọ́n tì í. Oṣù kejì 2002 ni wọ́n tó tún ṣí i, lẹ́yìn tí wọ́n ti fi ohun tó ń pa mìmì, bíi ṣọ́ọ̀kì ọkọ̀, tó lé ní 80 sábẹ́ ẹ̀. Kò sí ẹni tó ṣe iṣẹ́ ìdọ̀tí níbẹ̀ o, ìwé tí wọ́n ń lò nígbà yẹn ò tíì sọ̀rọ̀ nípa mìmì sẹ́gbẹ̀ẹ́ dáadáa ni.

Èèyàn máa ń gbé ẹsẹ̀ bíi ẹ̀ẹ̀mejì láàrin sẹ́kọ́ńdù kan, ìyẹn ló ń ti afárá sísàlẹ̀. Sẹ́gbẹ̀ẹ́, ọ̀tún lẹ́ẹ̀kan òsì lẹ́ẹ̀kan, ó jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan ní sẹ́kọ́ńdù. Afárá yín ò gbọ́dọ̀ ní mìmì àbínibí, ìyẹn iye ìgbà tó máa ń mì fúnra ẹ̀ ní sẹ́kọ́ńdù kan, tó sún mọ́ ìwọ̀nyí. Tó bá lé ní márùn-ún ní sẹ́kọ́ńdù lọ sókè-sódò, tó sì lé ní méjì àtààbọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ọkàn lè balẹ̀. Fún ti sókè-sódò, ìṣirò kékeré kan wà tẹ́ ẹ lè fi yẹ ọ̀pá tó dùbúlẹ̀ lórí ẹsẹ̀ méjì wò kẹ́ ẹ tó lọ bá ẹnjiníà: ẹ wo iye mìlímítà tó máa fi tẹ̀ wálẹ̀ nítorí ìwúwo ara ẹ̀, ẹ wá síkúèrì rúùtù ẹ̀, ẹ fi pín 18. Tó bá fi mìlímítà 13 tẹ̀, èsì máa jẹ́ bíi márùn-ún. Tó bá fi 80 tẹ̀, méjì ni, ìyẹn ni ìrìn èèyàn gan-an, ẹ yára yí pílánì padà. Ti aláàrò ju báyìí lọ, kọ̀ǹpútà ẹnjiníà ló máa sọ ọ́.

Iyọ̀

Ẹ jẹ́ kí n pẹ́ díẹ̀ níbí torí ohun tó ń pa iṣẹ́ ọnà etí òkun nìyí, ibi tá a ti jìnnà sí òkun ló sì ń jẹ́ ká fojú kéré ẹ̀. Géètì tí wọ́n kùn ní ọ̀dà lẹ́ẹ̀mejì ní Tákíè lè wà fún ọdún pípẹ́ láìsí wàhálà. Ẹ gbé e lọ sétí òkun, kò ní pẹ́ tó máa fi dógùn-ún láti ojú ibi tí wọ́n ti jó o.

Ẹ dán èyí wò ní ìsọ̀ yín. Ẹ bá wẹ́dà gé irin kéékèèké: irin lásán tẹ́ ẹ kùn lọ́dà, irin tí wọ́n rì sínú síńkì gbígbóná, sténlẹ́ẹ̀sì 304, àti 316 (nọ́ńbà oríṣi sténlẹ́ẹ̀sì méjì nìyẹn). Ẹ ní kó jó àwọn kan pọ̀, kó sì fi bóòtù di àwọn kan. Ẹ po iyọ̀ mọ́ omi nínú ike, ẹ máa rì wọ́n bọ inú ẹ̀ lóròòwúrọ̀, ẹ máa sá wọn sóòrùn títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ẹ fi lẹ́ńsì tàbí kámẹ́rà fóònù wo wọ́n. Ẹ máa rí i pé irin ọlọ́dà ò bẹ̀rẹ̀ láti àárín, etí tí wọ́n gé ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀, níbi tí ọ̀dà ti tín-ín-rín, omi pupa á wá máa yọ lábẹ́ bóòtù. 304 náà á bẹ̀rẹ̀ sí í ní àmì bí omi tíì. 316 ló máa tẹ̀ lé e jìnnà, torí ó ní mọlibdẹ́nọ́ọ̀mù nínú, ìyẹn irú mẹ́táàlì kan tó ń bá a gba iyọ̀ dúró. Nítorí náà tí àwọn ọlọ́jà bá sọ fún yín pé "sténlẹ́ẹ̀sì ni sténlẹ́ẹ̀sì", ẹ má gbà, ẹ ní kí wọ́n fi ìwé nọ́ńbà ẹ̀ hàn yín. Helix Bridge tó wà ní Singapore, tí wọ́n ṣí ní 2010, tó gùn ní mítà 280, irú sténlẹ́ẹ̀sì tí wọ́n ń pè ní duplex ni wọ́n fi ṣe é, ó tún le ju 316 lọ, owó ẹ̀ náà sì le.

Ẹ má fi bóòtù irin lásán di pẹpẹ sténlẹ́ẹ̀sì. Tí omi iyọ̀ bá ti wà láàrin wọn, irin lásán ló máa jẹ run, ó sì máa yá ju bó ṣe máa rí tó bá dá wà lọ. Ẹ fi wọ́ṣà ike sáàrin.

Tó bá jẹ́ kọnkéré lẹ fẹ́ fi mọ ère yín, ìyẹn dáa, Adébísí Àkànjí tó mọ àwọn ère símẹ́ńtì sínú igbó Ọ̀ṣun l'Óṣogbo, iṣẹ́ bíríkìlà ló kọ́kọ́ ń ṣe, torí náà ọwọ́ wa kò ṣàjèjì sí i. Àmọ́ létí òkun, ẹ má fi yanrìn etíkun tí wọn ò fọ̀ pò ó, ẹ má sì bu omi òkun sí i rárá. Rọ́ọ̀dù gbọ́dọ̀ wọlé tó mìlímítà 50 ó kéré tán, torí tí rọ́ọ̀dù bá dógùn-ún, ó máa ń wú, wíwú yẹn ló ń la kọnkéré. Ère tó ní ìka tẹ́ẹ́rẹ́, etí tẹ́ẹ́rẹ́, kò ráyè fún mìlímítà 50 yẹn. Ẹ jẹ́ kó sanra, tàbí kẹ́ ẹ fi sténlẹ́ẹ̀sì ṣe rọ́ọ̀dù ibẹ̀.

Èyí tó wá gbẹ̀yìn ni omi dídúró. Ère fẹ́ràn kòtò àti kọ̀rọ̀, kòtò àti kọ̀rọ̀ sì fẹ́ràn omi. Ẹ gbé módẹ̀lì yín sábẹ́ ẹ̀rọ omi, kẹ́ ẹ wo ibi tí omi dúró sí. Gbogbo ibi tó bá dúró, ẹ lu ihò sí i nísàlẹ̀ pátápátá tàbí kẹ́ ẹ jẹ́ kó ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ẹ má gbàgbé abẹ́ afárá: òjò máa ń fọ iyọ̀ kúrò lórí, kò sì dé abẹ́, torí náà abẹ́ tí ẹnikẹ́ni ò rí ló máa ń kọ́kọ́ jẹrà. Ìlànà mi ni pé ibi tí ọwọ́ tó mú búrọ́ọ̀ṣì ò bá lè wọ̀, kò gbọ́dọ̀ sí lára ère náà.

Módẹ̀lì, àti ẹni tó máa jó o

Ẹ ṣe módẹ̀lì kékeré pẹ̀lú wáyà àti páálí, ìyẹn fún ojú. Lẹ́yìn náà ẹ mú oríkèé kan ṣoṣo, èyí tó díjú jù, ẹ ṣe é ní títóbi ẹ̀ gan-an ní ìsọ̀ wẹ́dà. Àǹfààní tá a ní ju àwọn tó ń yà á lórí kọ̀ǹpútà nìkan lọ nìyí, àwọn ọ̀gá wẹ́dà tó wà ládùúgbò wa. Akẹ́kọ̀ọ́ kan gbé irú oríkèé bẹ́ẹ̀ lọ bá bàbá kan, páìpù márùn-ún tó pàdé lójú kan. Bàbá yẹn gbé e yípo, ó ki ọwọ́ sáàrin páìpù méjì, ọwọ́ ẹ̀ ò wọlé. Ó ní, "Ọmọ mi, ẹ̀lẹ́kítíróòdù tí mo fi ń jó irin ò lè débí. Mo lè fi ọ̀dà bò ó fún ẹ, àmọ́ kò jó o." Ọmọ náà ní, "Ẹ ṣeun sà, kí ni ká wá ṣe?" Bàbá fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sílẹ̀, ó ya páìpù méjì kúrò lójú kan náà, ó fi pẹpẹ irin kan sáàrin. Ìrísí tó jáde yẹn, pẹpẹ tó là bí ewé, ló wá rẹwà jù lára gbogbo afárá náà.

Ní ti àfọwọ́dì, ó kéré tán kó ga ní mítà kan àti sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá, kí àlàfo má ju sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá lọ kí orí ọmọdé má bàa há, kí irin inú ẹ̀ sì dúró lóòró, torí èyí tó dùbúlẹ̀, àtẹ̀gùn ni lójú ọmọdé. Igi ni kẹ́ ẹ fi ṣe ibi tí ọwọ́ ń dì mú, oòrùn ọ̀sán ò ní jẹ́ kí irin ṣeé fọwọ́ kàn. Fún ojú ọ̀nà, igi èkì dára gan-an nínú omi àti iyọ̀, kẹ́ ẹ fá ojú ẹ̀ ní ilà kó má yọ̀, kí àlàfo àárín pákó má gba orí ọ̀pá àgbà.

Ìwé àṣẹ, gbígbé e lọ, àti lẹ́yìn ẹ̀

Ojú omi kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni láti kọ́ nǹkan sí, ẹ lọ bá NIWA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ojú omi abẹ́lé, kí ẹ tó parí pílánì, torí gíga tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ fi sílẹ̀ fún ọkọ̀ lè yí gbogbo ẹ̀ padà. Òfin àyẹ̀wò àyíká ti wà láti 1992. Ẹnjiníà tó ní ìwé COREN, ìyẹn àjọ tó ń forúkọ àwọn ẹnjiníà sílẹ̀ ní Nàìjíríà, ló máa fọwọ́ sí ìṣirò, kì í ṣe ẹ̀yin, kì í ṣe èmi.

Tẹ́ ẹ bá ń ṣe é níbí, tírélà ló máa gbé e lọ, ẹ̀yìn tírélà sì jẹ́ bíi mítà 12. Nítorí náà ẹ gé mítà 40 sí mẹ́rin, mítà mẹ́wàá mẹ́wàá, ẹ jẹ́ kí oríkèé tí bóòtù máa dì hàn síta gbangba, kó jẹ́ ara ọnà. Ẹ má jó nǹkan kan létí omi tẹ́ ẹ bá lè yẹra fún un, afẹ́fẹ́ oníyọ̀ kì í jẹ́ kí jíjó mọ́, iná tẹ́ ẹ fi ń jó o náà á sì jó síńkì tó bo irin dànù. Ẹ béèrè bí agbada síńkì ṣe gùn tó níbi tí wọ́n ti máa rì í kẹ́ ẹ tó pinnu gígùn.

Kẹ́ ẹ tó gba owó tó kù, ẹ kọ ìwé kan fún ìlú, ní èdè tí wọ́n ń sọ, ojú ewé méjì ti tó: omi tí kò ní iyọ̀ ni kí wọ́n máa fi fọ abẹ́ ẹ̀, ní pàtàkì nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí òjò ò sí, bóòtù wo ni kí wọ́n yẹ̀ wò lọ́dọọdún, irú ọ̀dà wo ni wọ́n fi kùn ún, pákó wo ló ṣeé yọ láìtú èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Ẹ fi pákó mẹ́wàá àti àpò bóòtù kan sílẹ̀ fún wọn, kẹ́ ẹ sì kọ́ wẹ́dà ìlú náà bí wọ́n ṣe ń pààrọ̀ wọn lójú yín.